Ọjọ́ Tí Gbogbo Ọ̀já Ilé Wa Wà Nínú Omi

Ọ̀já kan wà lọ́wọ́ mi tí mi ò lè fi tọrẹ fún ẹnikẹ́ni. Òfì ni, aláró tí wọ́n fi funfun là láàárín. Ìyá mi ló fà á lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo bímọ. Ó ti gbó létí báyìí, ojú kan sì wà lára rẹ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi rán. Ẹni tó bá rí i á rò pé aṣọ lásán ni, mi ò sì ní bá olúwa rẹ̀ jiyàn.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí nígbà tí mo bí ọmọbìnrin mi. Àwọn èèyàn ti ṣíwọ́ láti máa bi mí ní ìbéèrè nígbà náà. Nígbà tó pé oṣù mẹ́rin, mo gbé e lọ sílé ní Ọ̀ṣun kí ìyá mi lè fojú kàn án. Nígbà tí à ń padà bọ̀ sí Karu, lẹ́bàá Abuja, tí a ti kọjá Lọ́kọ́ja, tí a sì ti ń sún mọ́ Abaji, táyà bọ́ọ̀sì wa bẹ́. Mi ò ní sọ púpọ̀ níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì náà yí gbirigbiri wọ inú igbó, gbogbo nǹkan sì dákẹ́. Ọmọ ti ń sunkún láti ìdájí ọjọ́ náà, nítorí náà mo ti fi ọ̀já dè é mọ́ àyà mi pinpin. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tó wà nítòsí fà wá jáde, èjìká mi ti yẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti bo ojú mi kan, ṣùgbọ́n ọmọ wà níbi tí mo dè é sí. Ó sín lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn méjì tó jókòó níwájú wa kò dìde mọ́.

Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ló dá wa sí. Ṣùgbọ́n ọ̀já ni nǹkan tí ọwọ́ mi lè dì mú.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ kò kúrò lára mi. Bí mo bá ń gbálẹ̀, ó wà lẹ́yìn mi. Bí mo bá ń rokà, ó wà lẹ́yìn mi, á máa yọjú wo inú ìkòkò láti ẹ̀gbẹ́ apá mi bí ẹni tó fẹ́ tọ́ ọ wò. Bí mo bá fẹ́ wẹ̀, mo máa ń gbé e sáàárín bẹ́ẹ̀dì, màá to ìrọ̀rí yí i ká, màá sì wẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọkọ mi, tó ń ṣe iṣẹ́ fèrèsé onígíláàsì, sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ títí ó fi sú u.

“Ìwọ ìyá yìí, o ò ní jẹ́ kí ọmọ yìí mọ bí ilẹ̀ ṣe rí?”

“Á mọ̀ ọ́n. Kí ló ń lé wa?”

Ilé tí à ń gbé ní Karu, yàrá mẹ́jọ ló ní, mẹ́rin dojú kọ mẹ́rin, àgbàlá oníṣìmẹ́ńtì sì wà láàárín tí gbogbo wa ti ń fọṣọ. Ìyá mẹ́rin la jẹ́ tí a ní ọmọ kékeré níbẹ̀. Èmi ni mo dàgbà jù. Ìyá Ìbejì ló tẹ̀ lé mi. Ọmọ ọdún méjì ni àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sì ti já gbogbo okùn ìsáṣọ tó wà ní àrọ́wọ́tó wọn. Àǹtí Tíṣà, ará Kabba, ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀; ọmọkùnrin rẹ̀ ju ọmọ mi lọ ní oṣù díẹ̀. Ẹni kẹrin la ṣì ń pè ní Ìyàwó, nítorí pé kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n gbé e wọlé. Ọmọ tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò ni.

Láràárọ̀, kí oòrùn tó mú, orí pèpéle iwájú yàrá Ìyá Ìbejì la máa ń jókòó sí, a óò máa bọ́ ọmọ, a óò sì máa kó àníyàn wa jáde bí ẹni ń sá ẹ̀gẹ́.

“Èyí tó jẹ́ Kẹ́hìndé tún jẹ iyẹ̀pẹ̀ lánàá,” Ìyá Ìbejì á ní. “Ẹyin ni mo dín fún un o. Ó ta ẹyin nù, ó jẹ iyẹ̀pẹ̀.”

“Tèmi kì í jẹ nǹkan kan rárá, mà,” Ìyàwó á dáhùn. “Ó kàn máa ń wò mí.”

“Ìwọ ṣì ń sọ ti oúnjẹ. Màmá mi pe fóònù láti Kabba, mo ní kí ọmọ kí màmá àgbà. Èdè Hausa ló fi kí i: ‘Sànnu!’ Màmá mi ní kí n bọ́ sí kọ̀rọ̀ kan, kí n sọ òótọ́ fún òun, ta ni bàbá ọmọ náà.”

A óò rẹ́rìn-ín títí àwọn ọmọ náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Tèmi kì í jẹ iyẹ̀pẹ̀, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ibi tí iyẹ̀pẹ̀ wà. Ohun tó ní ni ẹnu. Láti ẹ̀yìn mi ló ti máa ń darí àgbàlá. Á kí Mallam tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi wọlé, á ní kí àwọn ìbejì fi omi sílẹ̀, á sì tọ́ka sí ẹni tó bá jí ẹran jẹ. Àmọ́ ó pé oṣù mẹ́tàdínlógún, kò gbé ẹsẹ̀ kan ṣáájú èkejì rí.

“Ẹni tí a gbé pọ̀n kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn,” ni Ìyá Ìbejì wí lọ́jọ́ kan. “Tiyín ò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà wà. Ẹnu ọmọ yìí ti dé Keffi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì kúrò ní Karu!”

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì fọwọ́ tẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, mo ń wá nǹkan tí mi ò fẹ́ rí.

Nínú oṣù yẹn náà ni èmi àti Ìyá Ìbejì jọ kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn àdúgbò. Nọ́ọ̀sì wọn ọmọ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì bi mí pé ṣé ó ti ń rìn. Mo ní kò tíì rìn. Ó gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ọmọ di tábìlì mú, ó dúró gbọn-in, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwé orí tábìlì náà wò.

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ le dáadáa,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Màmá, ṣé ẹ máa ń gbé e sílẹ̀ nílé, kó máa ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Gbogbo ìgbà.”

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu mi tí ọmọ fi tú tábìlì sílẹ̀, tó jókòó pa, tó sì na ọwọ́ méjèèjì sí mi. “Pọ̀n! Pọ̀n mí!”

Nọ́ọ̀sì wo ọmọ. Ó wo ọ̀já tó wà ní ìbàdí mi. Ó kọ nǹkan sínú káàdì.

“Ẹ mú un padà wá tó bá pé oṣù méjìdínlógún,” ó wí jẹ́jẹ́. “Ọjọ́ Ajé ló máa bọ́ sí. Tí kò bá tíì rìn nígbà yẹn, a máa kọ lẹ́tà fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n lè yẹ ìbàdí àti ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ wò.”

Ẹsẹ̀ la fi rìn padà sílé, nítorí mi kì í wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá bí mo bá lè rìn. Ìyá Ìbejì bá mi rìn, ó ń ráhùn, ìbejì kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Nígbà tí a yà kúrò lójú títì, ó ní:

“Àǹtí, ẹ parọ́ fún nọ́ọ̀sì.”

“Mi ò parọ́. Mo máa ń gbé e sílẹ̀ tí mo bá fẹ́ wẹ̀.”

“Orí bẹ́ẹ̀dì lẹ máa ń gbé e sí. Bẹ́ẹ̀dì ti di ilẹ̀ nìyẹn?”

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé bí àìsàn bá wà lẹ́sẹ̀ ọmọ, a jẹ́ pé jàǹbá ọjọ́ náà ló fà á, tí mi ò mọ̀. Bí kò bá sì sí àìsàn kankan, a jẹ́ pé èmi ni. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Mo sì sọ ohun tí mi ò tíì sọ fún ọkọ mi: pé bí ọ̀já kò bá fún mi láyà, mo máa ń gbọ́ ìró táyà yẹn. Nínú yàrá, lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, níbikíbi. Nǹkan á kàn bẹ́ ní etí mi.

Ìyá Ìbejì ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí mi,” ó sì gba báàgì ọwọ́ mi bá mi gbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ méjì ló ń fà.

Mo gbìyànjú láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo tẹ́ ẹní sínú yàrá, mo gbé ọmọ lé e, mo sì ní kó dìde. Kí ó tó dìde, mo ti gbé e, mo ti so ọ̀já. Ọjọ́ ń lọ. Ọjọ́ Ajé tí nọ́ọ̀sì dá ku ọjọ́ méjì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, Ìyá Ìbejì kan ilẹ̀kùn mi bí mo ṣe ń wẹ̀ fún ọmọ.

“Àǹtí, mò ń fọṣọ. Ẹ mú ọ̀já yẹn wá kí n bá yín fọ̀ ọ́. Ìtọ̀ ti ń rùn lára rẹ̀, ẹ má bínú.”

Òótọ́ ló sọ. Mo nà án sí i láìfura, nítorí àṣà wa nínú ilé ni pé bí ọ̀já ẹnì kan bá wà nínú omi, á yá ti ẹlòmíràn lò títí tirẹ̀ á fi gbẹ. Mo nu ọmọ gbẹ, mo wọṣọ fún un, mo gbé e sápá, mo sì lọ sẹ́nu ọ̀nà Àǹtí Tíṣà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ọ̀já yín díẹ̀.”

“Háà, tèmi náà wà nínú omi!”

Mo kọjá sí ọ̀dọ̀ Ìyàwó. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, kò sì gbójú sókè. “Ẹ má bínú, mà. Mo ti rẹ tèmi náà sómi.”

“Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Láàárọ̀ ọjọ́ kan náà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Oòrùn wà lónìí, mà.”

Oòrùn kankan kò sí. Òjò ti ṣú láti ìdájí. Mo wo inú bàsíà ńlá tí Ìyá Ìbejì jókòó tì: ọ̀já mẹ́rin ló wà níbẹ̀ tí wọ́n lọ́ mọ́ra nínú ọṣẹ, aláró tèmi sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìyá Ìbejì ń fọ̀ wọ́n bí ẹni tí wọ́n háyà.

“Ẹ̀yin obìnrin yìí,” ni mo wí.

“Kí la ṣe, Àǹtí? Ìmọ́tótó kọ́?”

Mo ronú kan gèlè. Èyí tó gùn nínú tèmi ń yọ̀ bí ilá. Ìró nìkan kò tó lójú mi. Bó bá tú ńkọ́? Nítorí náà mo gbé ọmọ sápá, mo ń lọ, mo ń bọ̀. Ọmọ oṣù méjìdínlógún kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Èjìká mi tó yẹ̀ lọ́jọ́sí bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Wọ́n ń fọṣọ lọ, wọ́n ń wò mí lábẹ́ ojú. Ìyàwó lọ tẹ́ ẹní sórí pèpéle, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Níkẹyìn, mo jókòó sórí ẹní náà, mo sì gbé ọmọ kalẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ mi.

“Pọ̀n mí.”

“Ọ̀já wà nínú omi.”

“Ọ̀já dà?”

“Wò ó níbẹ̀ yẹn.” Ìyá Ìbejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sá a sórí okùn ni. Ó sá tèmi sí ìpẹ̀kun okùn, níbi tó rẹlẹ̀ jù, tí etí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, tí omi ń kán tó, tó, tó. Ọmọ tẹjú mọ́ ọn.

Ìgbà yẹn ni òórùn dé.

“Àǹtí, ẹ̀wà yín ń jó o!” ni Ìyá Ìbejì ké.

Mo ti gbàgbé ẹ̀wà tí mo gbé kaná. Mo dìde, mo sáré wọ ilé ìdáná. Ìgbà tí mo bu omi sí ìkòkò tán ni mo tó mọ̀ pé ọwọ́ mi ṣófo. Mi ò tíì fi ọmọ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ Abaji. Mo tẹ́tí. Àgbàlá dákẹ́. Kò sí ìró omi, àwọn ìbejì kò pariwo, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Mo sáré jáde pẹ̀lú síbí lọ́wọ́.

Àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró bí òpó. Ìyàwó fọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ mi ti sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, ó fi ọwọ́ kan di etí pèpéle mú, ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára ọ̀já.

Mo fẹ́ sáré. Àǹtí Tíṣà na apá dínà fún mi.

“Ẹ dúró, màmá wa. Ẹ dákun, ẹ dúró.”

Nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé, mi ò mọ èyí tó le tó ìdúró yẹn. Ọmọ tú pèpéle sílẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, apá rẹ̀ sì là sí méjì bí ìyẹ́. Ó gbé èkejì. Ó gbé ẹ̀kẹta, ó sì ṣubú, ó fi ìdí jókòó sórí sìmẹ́ńtì gbì. Mo gbọ́ ìró náà, mo sì dúró de èyí tó máa ń tẹ̀ lé e ní etí mi. Kò dé. Ohun tí mo gbọ́ ni ohùn ọmọ mi, tó ń sọ fún gbogbo àgbàlá:

“Mo ṣubú!”

Bí ẹni tó ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn. Ó fọwọ́ tẹlẹ̀, ó dìde, ó sì lọ tààrà. Mi ò ka iye ẹsẹ̀ tó gbé. Ó di etí ọ̀já mú, ó fà á, ọ̀já tútù já lé e lórí, ó bò ó mọ́lẹ̀, a kò rí i mọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, orí kékeré kan yọ jáde. Ó yí padà, ó ń wọ́ ọ̀já bọ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, títí ó fi dé iwájú mi. Ó na ọ̀já náà sí mi.

“Ọ̀já rèé. Pọ̀n mí.”

Kai! Ẹ̀rín tó sọ nínú àgbàlá yẹn, àwọn ará ilé kejì gbọ́. Ìyá Ìbejì jókòó sínú omi ọṣẹ, kò mọ̀. Ìyàwó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. “Ó rin odidi ìrìn wá tọrọ pé kí wọ́n má jẹ́ kóun rìn!” ni Àǹtí Tíṣà ń sọ, ó ń lu Ìyàwó lẹ́yìn.

Mo gba ọ̀já lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tútù, ó sì ti dọ̀tí ju bó ṣe wà kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Mo lè fún omi ara rẹ̀ dànù, kí n so ó bẹ́ẹ̀. Mo rò ó, mi ò ní parọ́. Mo lọ sá a padà sórí okùn. Mo sì na ìka kan sí ọmọ mi.

“Tẹ̀ẹ́,” mo wí. “Tẹ̀ẹ́, tẹ̀ẹ́.”

A rìn dé ẹnu géètì, a sì padà. Ẹ̀wà jóná kọjá àtúnṣe. Iná rẹ́súrẹ́sú ni mo fi sílẹ̀ lábẹ́ ìkòkò yẹn láàárọ̀, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Títí di òní, mo ń béèrè ẹni tó yí iná sókè, kò sẹ́ni tó jẹ́wọ́. Bí mo bá ti béèrè, Ìyàwó á rántí pé ọmọ òun ń sunkún.

Ní ọjọ́ Ajé, mo pọ̀n ọ́n lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, nítorí títì kì í ṣe ibi eré. Ọ̀já ti gbẹ, ó ń ta òórùn ọṣẹ. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Mi ò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ pé ó tán. Nígbà tí a wọ inú ọgbà ilé ìwòsàn, tí wọ́n sì ti géètì lẹ́yìn wa, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ gbá mi ní ìhà.

“Sọ̀ mí! Sọ̀ mí kalẹ̀!”

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Kò sí ọkọ̀, kò sí alùpùpù, ajá pàápàá kò sí níbẹ̀. Mo tú ọ̀já, mo sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ṣáájú mi wọ yàrá nọ́ọ̀sì.

“Háà,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ta nìyí?”

“Mà,” mo ní, “nígbà tí ẹ bi mí lọ́jọ́sí, irọ́ ni mo pa fún yín.”

“Mo mọ̀, Màmá.” Ó ti ń fa káàdì jáde. “Ẹ yára o, ó ti kọjá sí yàrá kejì.”

Mo ká ọ̀já mọ́wọ́, mo sì sáré tẹ̀ lé e.